Ìjàǹbá Ọkọ̀ àti Ọpọlọ Tó Fara Pa Láìsí Ọgbẹ́

Ọpọlọ lè fara pa nínú ìjàǹbá ọkọ̀ láìjẹ́ pé orí ṣẹ̀jẹ̀, kódà láìjẹ́ pé ó gbá nǹkan kan. Bí ọkọ̀ tó ń sáré bá dúró lójijì, orí a fì síwájú, a tún fì sẹ́yìn, ọpọlọ a sì mì jìgìjìgì nínú agbárí. Ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú orí sábà máa ń fi hàn pé kò sí nǹkan kan, nítorí iṣẹ́ ọpọlọ ló dàrú.

Orí fífọ́, òòyì, èébì, ojú tí kò lè gba ìmọ́lẹ̀, oorun tó dàrú, ìbínú òdì àti ìgbàgbé ni àmì irú ìpalára yìí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní i kì í dákú rárá, àmì míì kì í sì í yọjú títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ìdí nìyí tí "kò ṣe mí ní nǹkan kan", tí àwọn èèyàn máa ń yára sọ lẹ́bàá títì, fi léwu. Bí èébì kò bá dáwọ́ dúró, bí ọmọlójú kan bá tóbi ju èkejì lọ, tàbí bí oorun bá gbé èèyàn lọ tí kò ṣeé jí, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú agbárí: ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe àgbo. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ò fàyè gba ilé ìwòsàn láti kọ aláìsàn pàjáwìrì.

Ní ti owó gbà-má-bìínú, dandan ni kí gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà ní ìnṣọ́ránsì fún ẹni tó bá ṣe léṣe. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, ₦15,000 lọ́dún ni ti ọkọ̀ adáni. Ẹlẹ́sẹ̀ tí ọkọ̀ gbá lè béèrè owó gbà-má-bìínú, èrò inú ọkọ̀ akérò náà lè béèrè. Ó ṣeni láàánú pé àwọn awakọ̀ kan ń ra ayédèrú ìnṣọ́ránsì torí ọlọ́pàá nìkan.

Níwọ̀n bí àwòrán kò ti lè jẹ́rìí sí irú ìpalára yìí, ìwé ni ẹlẹ́rìí: ìròyìn ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ìwé dókítà ọjọ́ àkọ́kọ́, rìsíìtì oògùn, àti àkọsílẹ̀ bí orí ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹni tó di ọ̀sẹ̀ kẹta kó tó rí dókítà máa ṣàlàyé ohun tó dá a dúró. Ẹni tó gba owó táṣẹ́rẹ́ lẹ́bàá títì, tó sì fọwọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ ti parí, lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Lábẹ́ òfin Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 3 ni àyè wà láti pẹjọ́ lórí ìpalára. Àmọ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló wa ọkọ̀ náà, ó lè má ju oṣù 3 lọ.