Ọkọ̀ Tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Kò Wọlẹ̀

Nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá wọlẹ̀, tí imú rẹ̀ wá ń wo òkè bí ajá tó gbóòórùn ẹran, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹrù inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọlọ́pàá ojú pópó mọ̀, èrò mọ̀, awakọ̀ pàápàá mọ̀. Ọkọ̀ tó ru irú ẹrù kan náà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúró ṣánṣán ńkọ́? Lójú tèmi, òun gan-an ló yẹ ká máa bẹ̀rù jù, nítorí pé kò sí ohun tí ojú yóò rí tí yóò fi fura. Irin tàbí báàgì rọ́bà kan tí wọ́n fi sí abẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e dúró bẹ́ẹ̀.

Àárín ìlú Johannesburg ni mò ń gbé, irú ọkọ̀ yìí kò sì ṣòro rí níbẹ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ Park Station kọjá, ẹ yà sí òpópó Noord, pàápàá nígbà tí Kérésìmesì bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ó rí bọ́ọ̀sì Quantum, èyí tí àwa ń pè ní HiAce nílé, àti bàkì, ìyẹn pikọ́ọ̀pù, tí wọ́n ń di ẹrù sí: àpò ìyẹ̀fun àgbàdo, òróró, ọṣẹ, bẹ́ẹ̀dì, fìríìjì, kẹ̀kẹ́ ọmọdé, nígbà mìíràn ilẹ̀kùn. Tírélà á tún wà ní ìdí ọkọ̀. (Kì í ṣe tírélà ti Apapa o. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kékeré tí wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí.) Omalayitsha ni orúkọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Zimbabwe ni ọ̀pọ̀ ẹrù náà ń lọ, láti ọwọ́ ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbí sí ọwọ́ ìyá tó kù sílé.

N kò sí lára àwọn tó ń sọ pé kí ìjọba lé wọn kúrò ní títì. Lọ́dún 2008, nígbà tí owó Zimbabwe di bébà lásán tí ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ sì ṣófo, ẹ̀yìn irú ọkọ̀ wọ̀nyí ni oúnjẹ gbà wọ ọ̀pọ̀ ilé. Àwa tí a ní ìyá nílé mọ ohun tó wà nínú kí èèyàn fi àpò ìrẹsì ránṣẹ́, kó sì dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa abẹ́ ọkọ̀ náà, nítorí pé ẹrù kò ní dínkù nítorí pé ẹnì kan kọ̀wé.

Ní abẹ́ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn, tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ló gbé ara ọkọ̀ lé axle, ìyẹn irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Sípíríǹgì nìyẹn. Tó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, ọ̀nà mélòó kan ló wà tí wọ́n ń gbà ràn án lọ́wọ́. Ẹlòmíràn á fi irin pẹlẹbẹ kan kún un. Ẹlòmíràn á ki rọ́bà líle sí àárín axle àti ṣáásì. Èyí tó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn olówó ni báàgì rọ́bà méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí wọ́n ń fọn afẹ́fẹ́ sí bí ìgbà tí fọkanáísà ń fọn táyà.

Mo ní àwọn olówó, nítorí pé àwọn tó ní ọkọ̀-ilé ló máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, tí wọ́n ń gbé lọ sí etíkun Durban tàbí Cape nígbà ìsinmi. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í bọ́ ẹrù sílẹ̀ láé. Lítà omi 100 nínú tanki, kìlò 100 nìyẹn, kí a tó ka gáàsì, fìríìjì àti àpótí aṣọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ á máa wọlẹ̀ tọ̀sán tòru. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa ní bí wọ́n ṣe ń tò ó, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo ìtò yẹn.

Wọn á gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, láìsí ẹrù, wọn á wọn àlàfo láti àárín táyà dé etí ara ọkọ̀ tó wà lókè rẹ̀. Wọn á di ẹrù bí wọ́n ṣe máa ń dì í nígbà ìrìn àjò, omi kún tanki, èèyàn jókòó sí àyè rẹ̀, wọn á tún un wọ̀n. Wọn á wá gbé ọkọ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n mọ kìlò tí táyà iwájú gbé àti èyí tí ti ẹ̀yìn gbé, wọn á sì fi wé iye tí ilé-iṣẹ́ kọ sára àwo tó lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Bí ó bá ti kọjá ààlà, ẹrù ló ń bọ̀ nílẹ̀ yẹn. Ìgbà tí kò bá kọjá nìkan ni wọ́n ń fọn afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀yìn ọkọ̀ á fi gòkè padà sí ibi tó yẹ. Wọn kì í jẹ́ kó ga ju bó ṣe wà nígbà tó ṣófo. Bí ibi ìdáná bá wà lápá òsì, báàgì òsì lè gba afẹ́fẹ́ ju ti ọ̀tún lọ. Wọn á wakọ̀ jáde, wọn á padà, wọn á yọ díẹ̀ tàbí kí wọ́n fi díẹ̀ kún un.

Ìtura tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àlá. Nígbà tí ẹ̀yìn bá wọlẹ̀, iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ ọkọ̀ á máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ràn, iná iwájú á sì máa tàn sí ojú ẹni tó ń bọ̀ dípò títì. Bí a bá tò ó dáadáa, gbogbo ìyẹn á lọ, ọkọ̀ kò sì ní máa fì bí ọ̀mùtí nígbà tí bọ́ọ̀sì ńlá bá yà á kọjá.

Ṣé ẹ rí i pé òṣùwọ̀n ṣáájú afẹ́fẹ́? Ní àárín ìlú wa, irin ló ń ṣáájú, òṣùwọ̀n kì í sì í dé rárá. Ọkọ̀ á wọlẹ̀, mẹkáníìkì á fi irin kún un, ẹ̀yìn á gòkè, wọn á rí i pé àyè tún wà, wọn á di púpọ̀ sí i.

Sípíríǹgì tí a fi kún ọkọ̀ kò fi kìlò kan ṣoṣo kún ohun tí ọkọ̀ náà lè gbé. Táyà kò mọ̀ pé wọ́n ti fi báàgì sókè. Ìwúwo tó kọjá agbára rẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á máa gbóná, lóòrùn ọ̀sán lójú ọ̀nà N1 tó gba Polokwane kọjá, títí yóò fi bẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni axle, bẹ́ẹ̀ ni bíárì, bẹ́ẹ̀ ni bíréèkì. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí: èèyàn 15, kí a fi kìlò 70 díwọ̀n ẹnì kọ̀ọ̀kan, kìlò 1,050 nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpò kan wọlé.

Ti bíréèkì yìí ló ń dẹ́rù bà mí jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wọ ọkọ̀ náà kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ pikọ́ọ̀pù àti bọ́ọ̀sì kékeré ní fáàfù kan lẹ́yìn, tí ọ̀pá kan so mọ́ axle. Bí ẹrù bá pọ̀, tí ẹ̀yìn wọlẹ̀, ọ̀pá náà á sọ fún fáàfù pé kó jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn ṣiṣẹ́ púpọ̀ sí i. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, tí ẹ̀yìn ga, á dín in kù, kí táyà ẹ̀yìn má baà há, kí ọkọ̀ má baà yí. Àlàfo yẹn nìkan ló ń wò. Ẹni tó bá wá gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè pẹ̀lú ẹrù tọ́ọ̀nù kan nínú rẹ̀, tí kò tún ọ̀pá náà tò, ti purọ́ fún bíréèkì pé kò sí ẹrù. Lẹ́yìn Louis Trichardt, títì náà gun òkè Soutpansberg, ó sì tún ń sọ̀kalẹ̀ gba inú ihò àpáta lọ sí Musina. Ibẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn máa rò pé ọkọ̀ ṣófo. Tírélà ìdí ọkọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ yìí gba èyí tí àpapọ̀ ìwúwo rẹ̀ kò ju kìlò 750 lọ láyè láti máa rìn láìní bíréèkì tirẹ̀, bí ọkọ̀ tó ń fà á bá wúwo tó. Lójú pópó, ta ló ń wọ̀n ọ́n?

Ìrìn àjò ìpadàbọ̀ tún wà. Ọkọ̀ tó ti já ẹrù sílẹ̀ ní Bulawayo máa ń padà wá ní fífúyẹ́. Báàgì ṣeé yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í yọ ọ́ tán, kí rọ́bà má baà há sáàárín irin. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi kún un kò ṣeé yọ lójú ọ̀nà. Ẹ̀yìn á le bí òkúta, táyà á máa fò kúrò nílẹ̀ nínú kòtò kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀kì ló yẹ kó mú ìfòsókè yẹn rọlẹ̀, ti ọkọ̀ wọ̀nyí sì ti máa ń gbó tipẹ́.

Orílẹ̀-èdè yìí ti rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n mú ọkọ̀ Quantum tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún ẹrù, wọ́n gé fèrèsé sí i, wọ́n to àga sínú rẹ̀, wọ́n fi ń gbé èrò. Lójú, takisí ni. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ilé aṣòfin, ó sì dé ọ́fíìsì Public Protector.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Òṣùwọ̀n kékeré wà tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, tí táyà á gùn kọjá. Kí wọ́n tẹ́ ẹ síbi tí wọ́n ti ń di ẹrù, kó máa jẹ́ ti ẹgbẹ́ awakọ̀ fúnra wọn. Òṣùwọ̀n ìjọba wà ní Mantsole lórí N1, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá dé ibẹ̀ ti fi Johannesburg sílẹ̀ jìnnà. Níbo ni wọ́n fẹ́ já fìríìjì ìyá oníyàá sí?

Mo mọ ohun tí awakọ̀ máa sọ: bí òun bá kọ ẹrù, ẹlòmíràn á gbà á. Òótọ́ ni, nítorí pé àdéhùn ẹnu ni owó ẹrù, ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kìlò ni wọ́n fi ń gba owó, bí àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń ṣe, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá òṣùwọ̀n. Àpò ìyẹ̀fun tó wúwo á san ju mátíràsì tó fẹ̀ lásán lọ, awakọ̀ á sì mọ ìgbà tí kìlò kún.

Àwọn mẹkáníìkì náà ní ipa tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fi sípíríǹgì kún ọkọ̀ òun, kí wọ́n béèrè ìwé òṣùwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé jáàkì. Bí wọ́n bá sì parí iṣẹ́, kí wọ́n tún ọ̀pá fáàfù bíréèkì tò kí wọ́n tó gba owó. Iṣẹ́ yẹn kò gbà ju síbánà àti sùúrù lọ. Oṣù Kejìlá ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní òpópó Noord, nígbà tí ìlà ọkọ̀ bá gùn jù.