Oòrùn, Èédú àti Omi Iyọ̀ Ìlàjẹ

Ọ̀gbẹ́ni Olóòtú,

Orí omi ni àwọn ará Ayétòrò ń gbé, síbẹ̀ omi iyọ̀ kò ṣeé mu. Omi òjò ni wọ́n ń gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ó di kí wọ́n máa fowó ra omi.

Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Nanjing, ní Ṣáínà, sun olú di èédú, wọ́n gbé e sórí omi nínú oòrùn. Ẹsẹ̀ olú ń fa omi sókè, orí rẹ̀ tó dúdú ń gba ooru, omi sì ń ru sókè bí oru inú ìkòkò. Iyọ̀ kì í bá a gòkè. Àwọn mìíràn ti fi igi àti ṣùkù àgbàdo ṣe irú rẹ̀. Kò ya èmi káfíńtà lẹ́nu o. Ẹ sáà gbé pákó gbígbẹ nàró sínú omi, ẹ ó rí bí ọ̀rinrin yóò ṣe máa gùn ún.

Ṣùgbọ́n orí èédú ni gbogbo ariwo wà. Omi tó ru sókè tí a kò rí gbà, afẹ́fẹ́ ló ni ín. A ní láti fi gíláàsì tàbí ọ̀rá bò ó, kí oru náà di omi lára rẹ̀, kó sì ṣàn sínú kẹ́ẹ̀gì. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Bí oòrùn tilẹ̀ mú gidi, ojú èédú tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóòró kò lè mú ju nǹkan bíi lítà kan ààbọ̀ wá ní wákàtí kan, àfi tí a bá dá ọgbọ́n mìíràn kún un. Kì í ṣe omi ìfọṣọ nìyẹn, àmọ́ àwọn ọmọ ilé kan á rí mu.

Gíláàsì àti oòrùn ni wọ́n fi ń ṣe omi mímu nígbà kan rí ní Las Salinas, ní Chile, bẹ̀rẹ̀ láti 1872, ó ju 20,000 lítà lọ lójúmọ́, fún àwọn awakùsà àti ìbaaka wọn.

Ẹ rántí pé bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì lè bá omi ru sókè. Àwa tí epo rọ̀bì dé etíkun wa ní 1998 gbọ́dọ̀ yẹ omi náà wò ká tó mu ún.

Mo ń bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Òǹdó àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, ẹ pe àwa oníṣẹ́ ọwọ́ sí i. Àwa tí à ń de gíláàsì mọ́ fèrèsé mọ bí a ti í ṣe etí tí kò ní jò. Pákó ń jẹrà lọ́dọ̀ àwọn alágbègi. Ayétòrò ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó dé.

Èmi ni,
Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkìtìpupa.