Bí Wọ́n Ti Ń Tún Ẹ́ńjìnì Bààlúù Tò, àti Ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹlẹ́rọ ní Ìdèrè

Ìwé tí mo fẹ́ dáhùn ní ọ̀sẹ̀ yìí ti Ìdèrè wá, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, láti ọwọ́ ìyá kan tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́rọ. Ẹ́ńjìnì Lister kan ni ó ní. Òun ni ó fi ń lọ ata ní òwúrọ̀, òun náà ni ó fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún àwọn tí ń yan gààrí bí oòrùn bá ti mú. Ọkọ rẹ̀ ni ó rà á kí ó tó padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ọmọ mẹ́rin ni ó fi sílẹ̀, láti inú ẹ́ńjìnì yìí sì ni owó ilé ẹ̀kọ́ wọn ti ń jáde.

Wàyí o, ẹ́ńjìnì náà ti rẹ̀. Èéfín rẹ̀ pọ́n aró, ó sì ń mu ọ́ìlì bí alááwẹ̀ tí ó gbọ́ ìpè mọ̀gàríbì. Àkọ́bí ìyá, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú títúnṣe ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Zaria ní 1964, wá sílé fún ọlidé. Ó wò ó títí, ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí á tú u palẹ̀, kí á tún un tò bí a ti ń ṣe ti bààlúù." Inú bí ìyá. Ó ní ta ni ó ń lọ ata lójú ọ̀run? Ó wá bi wá pé kí òun gbọ́ ti ọmọ ni, tàbí kí òun ta ẹ́ńjìnì náà fún àwọn tí ń ra irin àlòkù?

Ẹ má tà á o, ìyá mi. Ọmọ yín kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ a máa gbàgbé pé a kò bá wọn lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ní lọ́kàn.

Bààlúù àkọ́kọ́ tí ó fi agbára ẹ́ńjìnì fò, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ni ó ṣe é. Wilbur àti Orville Wright ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ní Dayton, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n wá ẹ́ńjìnì tí ó fúyẹ́ títí, wọn kò rí i rà. Ni wọ́n bá yíjú sí Charlie Taylor, mẹkáníìkì tí ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó fi ṣe é, sìlíńdà mẹ́rin, agbára rẹ̀ bíi ẹṣin 12. Ní oṣù kejì ọdún 1903, bí wọ́n ti ń dán an wò, bíárìǹ gan, àpótí ẹ́ńjìnì náà sì fọ́. Wọn kò fi àlẹ̀mọ́ bò ó. Wọ́n ní kí a tún òmíràn rọ, wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ tò. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún náà, bààlúù gbéra nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 12.

Agbára ẹṣin 12 péré! Lister yín, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1929, tí àwọn ará Íńdíà náà sì ń ṣe irú rẹ̀, ẹṣin 6 ni. Nítorí náà ìlọ́po méjì ti ẹ́ńjìnì ata ni ó gbé ènìyàn kúrò nílẹ̀. Àti kiráńkì, irin kọdọrọ inú ẹ́ńjìnì tí ó so lílọ-bíbọ̀ pọ̀ mọ́ yíyí, kì í ṣe àjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Ismail al-Jazari ti yà á sínú ìwé àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ní 1206, lára ẹ̀rọ tí ń fa omi.

Ẹ jẹ́ kí á wo ti òde òní. Ẹ́ńjìnì Lycoming wọ́pọ̀ nínú àwọn bààlúù kékeré. Fún èyí tí wọ́n ń pè ní O-360, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 180, àwọn tí ó ṣe é ní kí a tú u palẹ̀ bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 2,000, tàbí bí ó bá pé ọdún 12, bí ó ti wù kí ó máa dún dáradára tó. Wọn kì í dúró de èéfín. Lójú òfurufú, kò sí ẹ̀bá ọ̀nà tí a lè yà sí.

Bí wọ́n bá tú u, wọn a fọ gbogbo irin, wọn a sì fi ohun ìwọ̀n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí jíjẹ tí irin jẹ kò ju fífẹ̀ irun orí lọ nígbà mìíràn. Ríìǹgì písítìnì, bíárìǹ, gáskẹ́ẹ̀tì, àti àwọn bóòtù kan, wọn kì í tilẹ̀ wò ó pé ó dára tàbí kò dára, wọn a kó wọn dànù, wọn a fi tuntun sí i. Sípánà wọn ní òǹkà lára tí ń sọ bí bóòtù ti le tó. Kò sí ti "mo ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́."

Èyí tí ó wù mí jù ni bí wọ́n ti ń wá ojú sísán. Ògiri tí ó bá lanu, a ó rí alángbá níbẹ̀. Irin tí ó bá lanu kò ní alángbá tí yóò tọ́ka sí i. Wọn a fi iná mànàmáná sọ kiráńkì di òòfà, wọn a da ọ́ìlì tí ó ní lẹ́búlẹ́bú irin sí i lára, wọn a sì tan iná àrà ọ̀tọ̀ kan sí i nínú òkùnkùn. Níbi tí irin bá gbé sán, lẹ́búlẹ́bú yóò pé jọ síbẹ̀, yóò sì máa tàn bí ojú ológbò. Ìdèrè kò ní irú iná bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin lò kí èyí tó dé. Ẹ fọ kiráńkì mọ́ tónítóní, ẹ rì í sínú kẹrosíìnì di ọjọ́ kejì, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi ẹfun kíkúnná bò ó. Bí ó bá sán, kẹrosíìnì tí ó sá pamọ́ sínú ojú sísán náà yóò yọ jáde, yóò fa ìlà sára ẹfun. Kò lè mú èyí tí ó tín-ín-rín jù, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a máa fi ojú lásán wò ó lọ. Ẹfun náwó lọ́wọ́ ta ni?

Ó ku ìwé. Ẹ́ńjìnì bààlúù kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀ tí ó ń bá a kiri bí ìwé ìtọ́jú ọmọ ọwọ́. Ohun tí a tú, ohun tí a pààrọ̀, ọjọ́ tí a ṣe é, àti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin gbà kí ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ lára bààlúù rẹ̀, bí mẹkáníìkì tí ó ní ìwé ẹ̀rí bá wà nítòsí tí ó ń fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Mẹkáníìkì náà gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ẹ́ńjìnì fún oṣù 18 ó kéré tán, tàbí kí ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ó tó jókòó ṣe ìdánwò. Bí iṣẹ́ náà bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun ni yóò buwọ́ lu ìwé.

Ìyá mi, mo tọ́ka sí ìwé yìí nítorí ohun tí ẹ kọ ní ojú ewé kejì. Ẹ ní ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn mẹkáníìkì kan gbé ẹ́ńjìnì yìí lọ sí ìlú mìíràn, tí ẹ sì wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé kiráńkì tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ọkọ yín rà. Ẹ ní àpá ìforíkanlẹ̀ iwájú orí ọkùnrin náà ni ẹ wò tí ẹ fi gbà á gbọ́. Àpá náà dára, ṣùgbọ́n kò lè wọn kiráńkì. Àwọn oníbààlúù kì í pe ara wọn ní olè, síbẹ̀ wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ sì rántí pé ẹ́ńjìnì yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Ìdámẹ́jọ ni Ọlọ́run pín fún opó nínú ogún ọkọ tí ó fi ọmọ sílẹ̀. Ìyókù jẹ́ ti àwọn ọmọ, àti ti àwọn òbí ọkọ bí wọ́n bá wà láàyè. Bí a kò bá tí ì pín in, ẹ mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá Àfáà yín. Ẹni tí ó bá ta ẹ́ńjìnì yìí bí irin àlòkù, àmáánà ọmọ òrukàn ni ó fi tọrẹ. Ẹni tí ó bá sì yọ irin inú rẹ̀ pààrọ̀, apá òrukàn ni ó yọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u, ṣùgbọ́n kí wọ́n tú u sí ẹ̀yìnkùlé yín, lójú yín. Kí ọmọ yín má dá a ṣe. Lister kì í ṣe Lycoming, òun náà kò sì tí ì gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ bi àwọn ẹlẹ́rọ ẹlẹgbẹ́ yín ní Ìdèrè àti Igbó-Ọrà pé mẹkáníìkì wo ni ó tú tiwọn, ọdún mélòó ni ó sì fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde lẹ́nu mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ pè é. Kí ọmọ yín máa pè é ní ọ̀gá, kí ó máa gbé sípánà fún un, kí ó sì máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àjákọ kan. Kí ọ̀gá buwọ́ lù ú. Ẹ̀yà àlòkù tí wọ́n bá yọ, ẹ gbà á, ẹ kó o sínú garawa. Mẹkáníìkì tí ó bá bínú nítorí èyí, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Ní ti owó, ẹ dúró de èsúsú yín. Ẹ má yá owó èlé.

Ẹ kọ ọ́ pé ọmọbìnrin yín ni ó kọ́kọ́ gbọ́ pé ohùn ẹ́ńjìnì ti yí padà. Ẹ má lé e lọ sí ibi ààrò ní ọjọ́ náà. Sandra Aguebor ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ mẹkáníìkì ní ilẹ̀ wa láti 2004, etí tí ó gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni ó sì fi ń bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá tò ó tán, ẹ má jẹ́ kí ó máa dún lásán láìṣiṣẹ́ nítorí pé ẹ ń kẹ́ ẹ. Ríìǹgì tuntun ń fẹ́ ẹrù díẹ̀ kí ó tó lè jókòó dáradára. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbààlúù ń ṣe fún bíi wákàtí 50 àkọ́kọ́. Ẹ tètè yí ọ́ìlì àkọ́kọ́ dànù, kí ẹ sì ta díẹ̀ sórí aṣọ funfun. Bí ó bá ń dán yẹ́ríyẹ́rí, irin ń jẹ irin nínú rẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Kí wọ́n tó yí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ní kí káfíńtà fi pákó bo bẹ́líìtì, nítorí hìjáábù àti ìborùn àwọn tí ń gbé ata wá.

Ẹ kọ̀wé sí wa bí ó bá dún. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.