Nike Lẹ́sẹ̀ Wa, Ògún Lórúkọ Wa



Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn. Láàrin àwa Yorùbá onígbàgbọ́ tó wà ní Cheverly àti agbègbè rẹ̀, àwọn ìdílé kan ti yí orúkọ bàbá wọn padà. Ògúnbíyìí di Olúbíyìí, Ifáṣọlá di Jésùṣọlá. Wọ́n ní orúkọ ní ń ro ọmọ. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ti wá ń fi ẹni tó ṣì ń jẹ́ Ifá tàbí Ògún ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní ọmọ abọ̀rìṣà. Èyí ni kò dára.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ náà. Bàtà Nike ni! Kì í ṣe Níkẹ̀ẹ́ tiwa o. Òrìṣà ìṣẹ́gun àwọn ará Gíríìkì ni, láti 1971 ni orúkọ rẹ̀ sì ti wà lára bàtà. Òkun Àtìláńtíìkì tí a fò kọjá kí a tó dé ìhín, orúkọ Atlas ló ń jẹ́, ẹni tí wọ́n ní ó fi èjìká gbé ọ̀run dúró. Greenbelt kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Goddard ti NASA wà láti 1959, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ fún àwọn tó lọ sí òṣùpá nínú ètò Apollo ní 1969. Apollo, òrìṣà ni. Ètò tuntun tí wọ́n fẹ́ fi padà sí òṣùpá, Artemis ni wọ́n sọ ọ́, nítorí ìbejì ni òun àti Apollo. Artemis yìí náà ni àwọn ará Éfésù pariwo orúkọ rẹ̀ ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19, tí Bíbélì wa àtijọ́ pè ní Diana. Bí ọmọ wa bá rí iṣẹ́ ní NASA lọ́la, ṣé a óò ní kó má lọ nítorí orúkọ? Ká má parọ́, ìdúpẹ́ la máa wá ṣe!

Ẹ tún wo inú Ìwé Mímọ́. Apolo, oníwàásù tó já fáfá, láti ara Apollo ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Fébè tí Pọ́ọ̀lù yìn ní Róòmù 16, orúkọ tí wọ́n tún ń pe Artemis ló ń jẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n yí i padà. Ọkọ̀ tó gbé Pọ́ọ̀lù kúrò ní Mẹ́lítà, àmì àwọn ìbejì ọmọ Zeus ló wà lára rẹ̀. Pọ́ọ̀lù wọ̀ ọ́. Lóòótọ́, Ọlọ́run yí orúkọ Ábúrámù padà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, kì í ṣe ẹlẹ́yà àwọn ọmọ kíláàsì.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ògún inú orúkọ míì ń sọ fún wa pé alágbẹ̀dẹ tàbí ọdẹ ni bàbá ńlá ẹni. Bí a bá pa á rẹ́ láì sọ ìtàn rẹ̀, ọmọ á mọ ìtàn Zeus, kò ní mọ ti ilé bàbá rẹ̀.

Nítorí náà, ohun méjì la ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí olùkọ́ má ṣe gba yẹ̀yẹ́ orúkọ láyè ní kíláàsì mọ́. Kí òbí sì jókòó ti ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó sọ ohun tí orúkọ ìdílé túmọ̀ sí àti ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Ọlọ́run tó lo Apolo bó ṣe ń jẹ́ Apolo, ó mọ Ifáṣọlá náà.