Volkswagen sanwó èéfín l'Amẹ́ríkà, ta ni yóò wọn tiwa?

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan péré ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tí iléeṣẹ́ Volkswagen pa nípa ọkọ̀ díísù rẹ̀ ò tiẹ̀ pé ogún ọdún kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ 18, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2015 ni àjọ tó ń mójú tó àyíká l'Amẹ́ríkà, EPA, tú àṣírí náà síta. Ẹjọ́ ò sì tíì tán. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kan ní Braunschweig, Jámánì, dá mẹ́rin nínú àwọn tó ti jẹ́ ọ̀gá àti ẹnjiníà níbẹ̀ lẹ́bi. Méjì nínú wọn gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n.

Ẹ lè ní, kí ló kan ará Ìpáò-Èkìtì nínú ẹjọ́ Jámánì? Ó kàn wá gan-an. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ohun tí wọ́n ṣe rèé. Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò, táyà á máa yí, ṣùgbọ́n sítíárìn ò ní yí. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á fura pé àyẹ̀wò ni wọ́n ń ṣe, á wá tan gbogbo ohun tó ń fọ èéfín mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí títì, á dẹwọ́. Gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní NOx, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tó sì ń mú kí ikọ́ fée le sí i, á máa tú jáde, nígbà mìíràn ní ìlọ́po 40 iye tí òfin Amẹ́ríkà gbà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ káàkiri àgbáyé ni wọ́n fi irú ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yìí sí.

Ta ló wá mú wọn? Kì í ṣe ọlọ́pàá. Àwọn olùwádìí West Virginia University ni, akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára wọn. Morgantown ni yunifásítì náà wà, ìlú kékeré láàrin òkè, kì í ṣe New York. Wọ́n so ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín mọ́ ìdí ọkọ̀, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà lójú títì gidi. Nígbà tí èsì wọn jáde ní ọdún 2014, iye tó wà nínú ìwé àti iye tó ń jáde lójú títì ò bára mu rárá. Ibẹ̀ ni EPA ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìbéèrè.

Ibẹ̀ náà ni owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní ọdún 2016, Volkswagen gbà láti ná tó bílíọ̀nù $14.7 l'Amẹ́ríkà láti ra ọkọ̀ padà, láti san owó gbà-máà-bínú, àti láti tún afẹ́fẹ́ ṣe. Ní ọdún 2017, ó gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn ọ̀daràn, owó ìtanràn bílíọ̀nù $2.8 sì tẹ̀lé e. Ní Britain, ó san mílíọ̀nù £193 fún nǹkan bí 91,000 ènìyàn ní ọdún 2022, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà pé òun jẹ̀bi níbẹ̀. Tí ẹ bá pín in, ó lé ní £2,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìgbẹ́jọ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní London lórí Mercedes, Ford, Nissan, Renault àti Peugeot-Citroën. Àwọn yẹn ní àwọn ò ṣe nǹkan kan.

Nínú gbogbo owó tí mo kà sílẹ̀ yìí, kọ́bọ̀ kan ò sí fún awakọ̀ Nàìjíríà. Kì í ṣe pé a ò ní òfin o. A dá àjọ NESREA sílẹ̀ ní ọdún 2007, a sì ṣe òfin èéfín ọkọ̀ bẹntiróòlù àti díísù ní ọdún 2011. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ìgbà tí ẹ gba pátíkúlà ọkọ̀ kẹ́yìn, ṣé ẹnikẹ́ni ti nǹkan bọ sàlẹ́ńsà yín láti wọn ohun tó ń jáde? Ohun tí a ò bá wọ̀n, a ò lè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Òfin tí kò ní òṣùwọ̀n, ìwé lásán ni.

Tiwa tún ju ti ọkọ̀ lọ, nítorí epo fúnra rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ní ọdún 2016, àjọ Public Eye ti Switzerland fi hàn pé àwọn oníṣòwò epo ń ta díísù tó kún fún imí ọjọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìwọ̀n 10 nínú mílíọ̀nù kan ni Yúróòpù gbà fún ara wọn. Nàìjíríà gba 3,000. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire fẹnu kò pé 50 ni yóò jẹ́ láti oṣù Keje ọdún 2017. Ghana mú un ṣẹ lórí epo tó ń wọlé. Ọjọ́ pé, àwa ò tíì múra. Nígbà tó di ọdún 2023, ìjọba Netherlands fúnra wọn ní kí àwọn oníṣòwò wọn má kó irú epo bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Ẹ ẹ̀ rí i? Ẹni tó ń tajà ló ń bá wa ṣọ́ ọjà.

Ní Ìpáò níbí, díísù ni lọ́rì tó ń kó iṣu àti pákó ń mu. Díísù náà ni ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ fún gààrí ń mu, àwọn ìyá wa ló sì ń dúró tì í. Èéfín yẹn ò mọ̀ pé abúlé la wà.

Ẹlòmíràn á ní, ṣé ẹ fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ni? Tòkúnbọ̀ lagbára wa ká. Òótọ́ ni. Tí ẹ bá kàn kó ẹ̀rọ ìwọn èéfín fún àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú pópó, owó ẹ̀yìn ló máa dà, owó ọkọ̀ Ìkọ̀lé sí Adó á sì gun òkè lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká má bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ awakọ̀. Epo ni ká kọ́kọ́ wọ̀n, ní èbúté àti nílé ìfọpo, ká sì gbé èsì rẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ìjọba àti tírélà àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Imí ọjọ́ a máa ba catalyst jẹ́. Ẹ ò lè ta epo ìdọ̀tí fún èèyàn kí ẹ tún bá a wí pé ọkọ̀ rẹ̀ ń yọ èéfín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ kàn yín nìyí. Ẹ̀ka ẹnjiníà FUOYE wà ní Ìkọ̀lé, kò jìnnà sí wa rárá. Ohun tí Morgantown ṣe, Ìkọ̀lé lè ṣe é: ẹ̀rọ ìwọn èéfín, ọkọ̀ díẹ̀, ojú títì, àti èsì tí ẹnikẹ́ni ò lè gbé pamọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọjọ́ tí a bá ní ìwọ̀n tiwa lọ́wọ́ la ó tó lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.