Ọ̀bẹ tó ń ká mọ́ni lọ́wọ́, ẹ má rà á mọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Adja-Ouèrè, Ikpinlè àti Massè, ọ̀bẹ àpò tó ń dán lórí àtẹ ló ń wọ̀ wá lójú: irin mẹ́fà nínú èèkù kan, ọ̀kan fún ìgò, ọ̀kan fún agolo. Kí ló ń di irin náà mú tí a bá ṣí i? Nínú ọ̀pọ̀ wọn, sípíríǹgì lásán ni.

Àwọn kan á ní ẹni tó mọ ọ̀bẹ lò kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò gbà. Ní 1890, Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ̀bẹ àpò ní Savoie, ilẹ̀ Faransé, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì ń lò ó. Ní 1955, ilé-iṣẹ́ náà fi òrùka irin sí i lọ́rùn kó má baà ká mọ́ni lọ́wọ́. Ṣé ọdún 65 kò tó kí àwọn àgbẹ̀ yẹn mọ ọ̀bẹ lò ni?

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ń gé ìka ẹni tó ni ín. Tó bá ṣẹlẹ̀ lóru ní abà, tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ta ni yóò gbé yín dé ilé ìwòsàn?

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí i, ẹ yọ ìka kúrò lọ́nà, kí ẹ fi ẹ̀yìn irin náà tẹ tábìlì. Bó bá ká, ẹ dá a padà. Irin tó ń dípẹtà rọrùn láti pọ́n, ṣùgbọ́n ẹ máa nù ún, kí ẹ fi àdín pa á; ọ̀lẹ kó ra inox. Ẹ má sì fi la igi: iṣẹ́ àdá nìyẹn.

A kì í rí ìka rà lọ́jà.