Kọ́ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kí O Tó Kọ́ Kafka

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní ọdún àṣekágbá ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ló ti ń wá ohun tí a óò máa ṣe jẹun lẹ́yìn ìwé-ẹ̀rí. Àwọn kan ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe áàpù, orúkọ Kafka sì ti ń dún sí wọn létí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, kó kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ìṣẹ̀lẹ̀ kó tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá, tí a sì ti jókòó kọ́ gírámà rẹ̀, ti ní ohun tí àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá.

Kí ni Kafka gan-an? Ilé-iṣẹ́ LinkedIn ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Jay Kreps, Neha Narkhede àti Jun Rao ló ṣe é, wọ́n sì gbé e jáde ní 2011 kí ẹnikẹ́ni lè máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ òǹkọ̀wé Franz Kafka ni wọ́n fún un. Ẹ fi ojú ìwé àkọsílẹ̀ ńlá wò ó. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti ṣẹlẹ̀, a óò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ èyí tó ṣáájú rẹ̀, a kì í pa tàná rẹ́ kí a tó kọ tòní. Áàpù kan lè máa kọ, kí ọ̀pọ̀ áàpù mìíràn máa kà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń sàmì sí ibi tó kà dé. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, ibi àmì yẹn ni yóò ti máa bá kíkà rẹ̀ lọ. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ọjọ́ 7 ló máa ń tọ́jú ohun tí a kọ sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ọjà Ṣakí. Ká ní ìyá kan ta èlùbọ́ ₦30,000, oníbàárà sì fi fóònù sanwó. Oníbàárà ní, “Màmá, owó ti lọ.” Ìyá ní, “Ọmọ mi, kò tíì dé.” Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì. Gbogbo wa la mọ irú àríyànjiyàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí ìpààrọ̀ owó náírà sọ owó pépà di ọ̀wọ́n, tí gbogbo ayé sì já lu fífi fóònù sanwó. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀: owó jáde lápá kan, owó wọlé lápá kejì. Ẹni tó bá ṣe áàpù tó ka méjèèjì sí ọ̀kan ṣoṣo ló dá ìjà náà sílẹ̀.

Ibí ni gírámà ti wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí àsìkò. “San” náà ni lánàá, òun náà ni lónìí. Wúnrẹ̀n tó ṣáájú rẹ̀ ló ń jẹ́ ká mọ bóyá nǹkan náà ṣì ń lọ lọ́wọ́ tàbí ó ti parí. Ohun tí àwọn olùkọ́ wa pè é ni ibá-ìṣẹ̀lẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn mẹ́rin yìí:

“Sanwó.” Àṣẹ nìyẹn, ẹni tí a pa á fún sì lè kọ̀.
“Ó ń sanwó.” Kò tíì parí, ohunkóhun ṣì lè ṣẹlẹ̀.
“Ó ti sanwó.” Ó ti parí, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò ṣẹlẹ̀.
“Ó ní ₦30,000.” Ipò tí nǹkan wà nìyẹn.

Èyí tó ní “ti” ni ìṣẹ̀lẹ̀ tó parí, òun ló sì yẹ ká kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ti ṣẹ. Bí áàpù bá kọ “ti” síbi tó yẹ kó kọ “ń”, èlùbọ́ á ti kúrò lọ́wọ́ ìyá, owó kò sì ní dé. Bákan náà, bí mo bá ní gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́, mo lè ṣírò iye tó kù nínú àkáǹtì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iye tó kù nìkan ni mo ní, n kò lè fi mọ bí owó ṣe wọlé àti bó ṣe jáde. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ ìṣàn ìṣẹ̀lẹ̀.

Ohun méjì ló kù tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Àkọ́kọ́ ni ètò. Kafka máa ń pín àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀, bí poro nínú oko. Nínú poro kan, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni a óò kọ́kọ́ kà. Ṣùgbọ́n láàárín poro kan sí èkejì, kò sí irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tó bá jẹ mọ́ àkáǹtì kan gbọ́dọ̀ máa gba poro kan náà kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, áàpù lè rí owó tó jáde ṣáájú owó tó wọlé. Ìkejì ni àtúnṣe. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, iṣẹ́ kan náà lè dé lẹ́ẹ̀mejì. Bí áàpù kò bá yẹ nọ́ńbà ìṣẹ̀lẹ̀ náà wò bóyá ó ti rí i rí, á yọ ₦30,000 lẹ́ẹ̀mejì. Ní Ìsẹ́yìn tàbí Òkèhò, iye yẹn lè jẹ́ gbogbo owó tí ẹnì kan fẹ́ fi tún ọjà rà.

Àwọn kan á ní Òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, kí ni Yorùbá fẹ́ ṣe níbẹ̀? N kò sọ pé ká túmọ̀ kóòdù. Ohun tí mo ń sọ ni pé èdè tí a fi ń ronú ló ń jẹ́ kí nǹkan yéni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, títí kan ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Òyìnbó kọ́ lọ. Àwọn àgbà wa bí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì sì ti kó èdè-ìperí jọ fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Ta ni yóò ṣe ti kọ̀ǹpútà bí kì í bá ṣe àwa?

N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ gbé Kafka ka orí ìsọ̀ èlùbọ́ kan. Ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò tó o. Ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ ti pọ̀ bí omi òjò, tí ọ̀pọ̀ áàpù sì ń dúró dè é, ni irinṣẹ́ yìí wúlò sí. Ṣùgbọ́n a lè fi ọjà kékeré kọ́ṣẹ́, torí pé Kafka ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo, láìsan kọ́bọ̀ fún un.

Àbá mi ni pé kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa pe àwọn ará ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà jókòó ní sáà yìí. Kí wọ́n mú kóòdù wá, kí àwa mú ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ wá. Ká jọ kọ ogún ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, ká sì jọ ṣe áàpù kékeré kan tó mọ ìyàtọ̀ láàárín “ó ń lọ” àti “ó ti dé”. Bí ìyá tó ń ta èlùbọ́ bá lè ka ohun tí áàpù náà kọ, kó sì mọ̀ bóyá kóun gbé ọjà sílẹ̀ tàbí kóun dúró ná, a jẹ́ pé a ti kọ́ ohun tó tọ́.